Owó dín, ìwé náà sì bá a dín

Ẹni tó bá ń lọ ra ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, kó má wọ aṣọ funfun. Èmi wọ̀ ọ́ lọ ní Sátidé tó kọjá. Kí n tó kúrò nídìí ìwé, bùbá mi ti pọ́n bí ilẹ̀ Ìbàdàn, mo sì ń sín títí mo fi délé.

Tíṣà Yorùbá ni mí ní ilé-ìwé girama kan níbí. Ọmọ ogún ló wà nínú ẹgbẹ́ eré wa, ìwé tí wọ́n ń dù mọ́ra wọn lọ́wọ́ ò sì ju méjì lọ. Ni mo bá gbé àpò Gánà-mọ́s-gó, mo kọrí sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń pàtẹ ìwé sórí ọ̀rá, níbi téèyàn ti ń rí Cocoa House lọ́ọ̀ọ́kán. Ìsọ̀ náà ò ní pátákó. Agbòjò ńlá kan tó ti ya lápá kan lẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Bàbá yìí kì í wo orúkọ ìwé kó tó dá iye lé e. Á gbé e sọ́wọ́, á fì í wò bí ẹni ń ra iṣu: èyí tó bá nípọn, náírà 1,500, èyí tó bá tín-ín-rín, 500. Ìwé ìbéèrè WAEC nìkan ló ń wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, torí òun làwọn ọmọ ń rà. Ìwé eré ní tirẹ̀, kì í nípọn. Ẹ ti rí ibi tí èrè mi wà.

Mo kó 17. Ìwé eré Rẹ́rẹ́ Rún méjì wà níbẹ̀. Àwọn kan ṣì ń kọ “aiye”, “enia” àti “nwọn”, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kí àkọtọ́ tuntun tó dé ní 1974. Mo gbé ọ̀kan han ọmọ JSS2 kan, ló bá mú bírò pupa, ó fẹ́ bá òǹkọ̀wé ṣe kọrẹ́ṣọ̀n. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò lè fún ẹnikẹ́ni ni ìwé eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà kan tí orúkọ Oxford, ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, ṣì wà lára rẹ̀. Ọdún 1978 nilé iṣẹ́ yẹn di University Press Limited ní Ìbàdàn, ìyẹn ni pé ìwé náà ti dàgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ ní in ti fi bírò kọ nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ káàkiri: “dìde”, “kọjú séèrò”, “dúró díẹ̀”. Níbi tí wọ́n ti ń mú Adétutù, ẹrú Ẹfúnṣetán, lọ pa, ó kọ ọ́ pé: “ẹ sunkún, ẹ má pariwo”. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ léré, mi ò rí bí mo ṣe lè sọ ọ́ báyẹn rí. Náírà 500!

Owó gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8,500. Mo ní, “Bàbá, ẹ gba 6,000.” Ó wò mí tìtì. “Àǹtí tíṣà, ìyẹn ò lè ra ọ̀rá tí mo fi ń bò wọ́n tójò bá dé.” A fà á síwá, a fà á sẹ́yìn, ó gbà á ní 7,000, ó tún fi Aláwìíyé kan tí ò ní èèpo mọ́ ṣe èènì.

Ìwà rẹ̀ kan wà tí mi ò fẹ́. Kì í jẹ́ kéèyàn ṣí ìwé wò. Tẹ́ ẹ bá ti ka ojú ewé kejì, á ní ìsọ̀ òun kì í ṣe láíbìrì. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi yẹ ẹ̀yìn Baṣọ̀run Gáà, eré kan lára èyí tí mo rà, wò. Mo délé, ìparí ìwé ti já lọ pátápátá. Nínú ẹ̀dà tèmi, Gáà ò kú, Aláàfin Abíọ́dún ò sì rí ẹ̀san Agbọ́nyìn, ọmọ rẹ̀ tí Gáà pa, gbà. Mo gbé e padà lọ́jọ́ Ajé. Bàbá rẹ́rìn-ín: “Ẹ̀yin lẹ ní kí n dín owó, ìwé náà bá a dín.” Kò pààrọ̀ rẹ̀, kò dá kọ́bọ̀ padà. Ìyẹn ò dáa rárá.

Síbẹ̀, màá padà lọ. Bẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú owó dání torí kì í gba tiránsífà, ẹ má sì dé ibẹ̀ ṣáájú aago mẹ́wàá. Ẹ̀yìn ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá sì ní Baṣọ̀run Gáà tó pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi fún ọ̀sẹ̀ kan, ká lè rí Gáà pa kí táàmù tó parí.