Abọ́ Onídèérí Tí Ajá Wa Kò Rí Ṣí

Kí n má parọ́, ìdérí abọ́ tí mo fi ń po ìyẹ̀fun yìí gan-an ni mo sanwó fún. Ìkọ́ mẹ́rin ló dè é pinpin. Dúdú, ajá wa, ti fi imú tì í, ó ti fi èékánná họ ọ́, kò ṣí. Ẹ̀rù ló jẹ́ kí n rà á: ìyẹ̀fun tí a fi yíìsì pò máa ń wú sí i nínú ikùn ajá, a sì máa di ọtí níbẹ̀. Èso àjàrà gbígbẹ táwọn ọmọ ń dà sí i ńkọ́? Májèlé ni fún ajá.

Rọ́bà etí ìdérí ni mi ò fẹ́ràn. Ìyẹ̀fun ń há síbẹ̀. Ẹ yọ ọ́ fọ̀, kó má baà rùn. Àwọ̀ rẹ̀ náà kò wù mí. Ológbò wa, ní tirẹ̀, ti sọ orí ìdérí di ibùsùn. Màá ra kékeré rẹ̀ fún bísíkíìtì ṣokoléètì.