Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ra akoto àti jákẹ́ẹ̀tì alùpùpù lọ́wọ́ oníṣòwò òkè òkun

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun alùpùpù, tí ẹ sì ń ra akoto, jákẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́ tàbí bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti òkè òkun, ẹ fetí sílẹ̀ o. Irú ìsọ̀ kan wà tó ń yọjú léraléra: orúkọ ló ń yí padà, ìwà rẹ̀ kì í yí. Orí Facebook tàbí Instagram ni ìpolówó rẹ̀ ti sábà máa ń kọ́kọ́ bá èèyàn. Wọ́n á ní ilé ìtajà àwọn fẹ́ kógbá sílé, pé owó gbogbo ọjà ti já wálẹ̀ ní ìdá 70 tàbí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, pé ọ̀la ni yóò parí. Nínú àdírẹ́ẹ̀sì ojú òpó náà, ẹ ó rí orúkọ iléeṣẹ́ akoto tí gbogbo ayé mọ̀, bíi Arai, Shoei tàbí AGV, tí wọ́n ti so "outlet" tàbí "sale" mọ́ nídìí. Iléeṣẹ́ tó ni orúkọ kò mọ̀ wọ́n rí. Àwòrán ń dán, ọ̀rọ̀ gún régé, àmì àgádágodo wà lókè. Ẹ má jẹ́ kí àgádágodo yẹn tàn yín. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹlòmíràn ò lè yọjú wo ohun tí ẹ tẹ̀ ránṣẹ́ lójú ọ̀nà. Gbájúẹ̀ náà lè gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé irú àwọn wọ̀nyí á kàn gba owó, wọ́n á sì sá lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ ni wọ́n ń jẹ. Ẹni tó bá fi káàdì sanwó lè ní kí bánkì òun gba owó náà padà, ṣùgbọ́n ó ní gbèdéke. Lórí Visa àti Mastercard, ọjọ́ 120 ló wọ́pọ̀ jù fún irú ẹjọ́ yìí, bánkì yín ló máa sọ ọjọ́ tí wọ́n ti ń kà á. PayPal ń fún òǹrajà ní ọjọ́ 180 láti ọjọ́ tó sanwó. Gbogbo "ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù, ẹrù pọ̀ ní èbúté" tí wọ́n ń kọ sí yín, torí kí gbèdéke yẹn lè kọjá ni. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ sanwó sílẹ̀, kí ẹ sì yan ọjọ́ kan tó jẹ́ pé tí ẹrù ò bá tíì dé, ẹjọ́ ni. Ọjọ́ 45 tó gẹ́ẹ́ fún ẹrù tó ń bọ̀ láti òkè òkun.

Ẹ wo ọgbọ́n tí wọ́n ń fi nọ́mbà ìtọpa ẹrù dá. Ẹ ra jákẹ́ẹ̀tì awọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nọ́mbà dé, ó sì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́: ẹrù kúrò ní ilé ìkẹ́rù, ó wọ bàálù, ó dé ìlú yín, ojú fóònù kọ "Delivered". Ẹ wo ẹnu ọ̀nà, kò sí nǹkan. Àpò kékeré kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́ẹ̀sì ẹlòmíràn nínú ìlú kan náà, kí àkọsílẹ̀ ìfijíṣẹ́ lè wà. Ọ̀nà kejì ni pé ọwọ́ yín gan-an ni àpò náà máa dé, ṣùgbọ́n awò ojú olówó pọ́ọ́kú tàbí ìborùn ni wọ́n dì síbẹ̀. Tí bánkì bá bi wọ́n, àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n á nà síta.

Ìwọ̀n ẹrù ló ń tú wọn fó. Akoto tó bo gbogbo orí àti àgbọ̀n sábà máa ń wúwo tó kílò 1.3 sí 1.7, láì ka páálí mọ́ ọn. Jákẹ́ẹ̀tì awọ gidi tó ní páàdì máa ń ju kílò 2 lọ. Tí ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ akẹ́rù kọ sílẹ̀ bá jẹ́ kílò 0.1, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ akẹ́rù, ẹ béèrè ìwọ̀n ẹrù, kí wọ́n sì kọ ọ́ fún yín bóyá àdírẹ́ẹ̀sì yín ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n lè má sọ ilé ẹni tó gbà á, àmọ́ wọ́n lè jẹ́rìí pé kì í ṣe tiyín. Tí àpò bá sì dé ọwọ́ yín, ẹ ya àwòrán ìwé tó wà lára rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí ẹ wá máa ya fídíò láti ìgbà tí ọ̀bẹ bá kan téèpù títí ohun inú rẹ̀ á fi jáde.

Ibi tí àwọn tó jàre ti ń pàdánù ẹjọ́ nìyí: ìdí tí wọ́n yàn nígbà tí wọ́n ń fẹjọ́ sùn. Bí ìborùn bá dé dípò jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má kọ pé ẹrù ò dé, nítorí àkọsílẹ̀ ìfijíṣẹ́ á pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ kọ pé ohun tó dé kì í ṣe ohun tí ẹ rà. Bí ó bá jẹ́ pé àdírẹ́ẹ̀sì mìíràn ni wọ́n gbé e lọ, nígbà náà ni ẹ tó lè sọ pé kò dé, kí ẹ fi ìwé iléeṣẹ́ akẹ́rù tì í lẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí ni ìpẹ̀tù máa bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn á dá ìdá 15 padà, ẹ gbé ohun tó dé náà fún ọ̀rẹ́. Ẹ kọ̀, ó di 30, ó di 50, ṣùgbọ́n wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ fagi lé ẹjọ́ náà. Ẹ má dán an wò! Ẹjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ ara yín pa dé lórí PayPal kò ṣeé tún ṣí. Ẹ tún rántí pé tí ẹ bá ti fi ẹ̀sùn kàn wọ́n níbẹ̀, ọjọ́ 20 ni ẹ ní láti gbé e síwájú PayPal fúnra rẹ̀ kó lè dá sí i. Tí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ẹjọ́ náà á pa ara rẹ̀ dé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dá ọjà padà sí òkè òkun lówó ara yín, àdírẹ́ẹ̀sì tó wà nínú ẹjọ́ náà nìkan ni kí ẹ lò, kó sì ní nọ́mbà ìtọpa. Àdírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò já mọ́ nǹkan kan.

Ti owó sísan ò gùn. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ tààrà láti bánkì sí bánkì, Western Union, owó kírípítò, káàdì ẹ̀bùn, àti PayPal tí wọ́n ní kí ẹ yàn pé ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí lẹ fi ránṣẹ́ sí: gbogbo rẹ̀, tó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ẹ ṣọ́ra fún ojú ewé ìsanwó tó ń sọ pé káàdì yín kò lọ, tí ímeèlì á wá dé pé ẹ san án tààrà sí bánkì kí àwọn lè yọ ìdá 10 kúrò fún yín. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti gba nọ́mbà káàdì yín pamọ́ níbi tó ti "kọ̀" yẹn. Ẹ pe bánkì kí wọ́n ti káàdì náà pa lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹ tó sanwó rárá, àyẹ̀wò ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó. Ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ tẹ orúkọ ojú òpó náà sí i, ẹ ó rí ọjọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìsọ̀ tó ní òun ti ń tajà láti 1998, tí orúkọ ojú òpó rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta, kí ló tún kù ká sọ? Ẹ da gbólóhùn kan kọ láti ibi tí wọ́n ti ń ròyìn ara wọn, ẹ fi àmì àyọlò sí i, ẹ wá a lórí Google. Bí gbólóhùn kan náà bá jáde lórí ojú òpó bàtà, ti àga àti ti ohun èlò ọgbà, ẹgbẹ́ kan náà ni. Tí wọ́n bá ní Ìlú Ọba làwọn wà, Companies House, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ń jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo orúkọ ilé iṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá ní Jámánì, Ítálì tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹ yẹ nọ́mbà VAT wọn (nọ́mbà owó orí ọjà) wò lórí VIES, ojú òpó tí Àjọ náà fi ń yẹ ẹ́ wò. Nọ́mbà tó dáa nìkan kò tó o, nítorí wọ́n ń jí ti ẹni ẹlẹ́ni lò. Bí orúkọ bá jáde pẹ̀lú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ bá ti ìsọ̀ náà mu. Èyí tó rọrùn jù ni pé àwọn tó ń ṣe akoto máa ń to orúkọ àwọn tó ń bá wọn tajà sórí ojú òpó tiwọn.

Àmì kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ: ẹ wo ìwọ̀n (size) tó kù. Ìsọ̀ tó ń kógbá sílé lóòótọ́ á ṣẹ́ ku XS pupa kan àti XXL méjì. Èyí tó ní gbogbo ìwọ̀n, gbogbo àwọ̀, gbogbo irú, ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀, kò ní akoto kankan nílé.

Ó yá, ká wá sórí èyí tó burú jù, ìyẹn nígbà tí ọjà bá dé, tó sì jẹ́ ayédèrú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Akoto ayédèrú lè jọ ojúlówó débi tí sítíkà, àpò àti ìwé inú páálí á fi pé. Abẹ́ àgbọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Akoto tó bá òfin ECE (òfin ààbò akoto alùpùpù tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù) mu máa ń ní aṣọ pélébé kan tí wọ́n rán mọ́ okùn abẹ́ àgbọ̀n, kì í ṣe sítíkà tí èékánná lè ṣí. Lára rẹ̀ ni E wà nínú òbírí pẹ̀lú nọ́mbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: 1 ni Jámánì, 2 ni Faransé, 3 ni Ítálì, 4 ni Netherlands, 9 ni Sípéènì, 11 ni Ìlú Ọba. Nọ́mbà gígùn kan tẹ̀ lé e. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05, òfin 22.05 àtijọ́ ni. 06 ni 22.06 tó wà lóde báyìí, èyí tó fi ìdánwò bí orí ṣe ń yí nínú ìkọlù kún ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni lẹ́tà: P túmọ̀ sí pé ibi àgbọ̀n ń dáàbò boni, NP pé kò lè dáàbò boni, J pé akoto tí kò bo àgbọ̀n ni. Akoto tó bo àgbọ̀n ṣùgbọ́n tó ní J nìkan, àmì tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Bí òǹtajà bá ní akoto òun ní "CE" (àmì pé ọjà bá òfin Yúróòpù mu), ẹ má dá a lóhùn. Òfin Yúróòpù lórí ohun ìdáàbòbò, 2016/425, yọ akoto alùpùpù sílẹ̀ nítorí pé òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Tí ẹ bá rí EN 1078 nínú rẹ̀ (EN ni àmì ìlànà Yúróòpù fún ọjà), akoto kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n tà fún yín. Ti DOT, àmì iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, tún yàtọ̀: ìjọba ò fọwọ́ sí akoto kí ó tó dé ọjà, iléeṣẹ́ tó ṣe é ló ń jẹ́rìí ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ta sítíkà DOT lọ́tọ̀ bí ẹní ta sítíkà bọ́ọ̀lù. Láti oṣù karùn-ún 2013, sítíkà tó pé gbọ́dọ̀ ní orúkọ iléeṣẹ́, orúkọ irú akoto náà, "DOT", "FMVSS No. 218" àti "CERTIFIED". Lẹ́tà mẹ́ta "DOT" lásán kò tó.

Ẹ wá tú aṣọ inú rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín aṣọ yẹn àti ìkarahun òde, fóòmù líle kan wà tó yẹ kó nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5. Fóòmù yìí ló ń fọ́ dípò orí. Nínú ayédèrú, ó lè tín-ín-rín, ó lè rọ̀ bíi ti ìrọ̀rí, ó sì lè má sí rárá. Akoto tí kò wúwo tó ìdajì kílò, ẹ má gbé e sórí. Tí wọ́n bá ní kábọ́ọ̀nù (carbon fibre) ni ìkarahun rẹ̀, ẹ wo etí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé: ilà kábọ́ọ̀nù tó kàn dúró lójijì tàbí tó ń ká sókè, láílọ́ọ̀nù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ pílásítíìkì ni.

Ti jákẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, EN 17092 ni ẹ máa wá lára aṣọ kékeré tí wọ́n rán sínú rẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ẹni tó gun alùpùpù àti ìpele: AAA ló le jù, AA tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà A. B kò ní páàdì tó ń gba ìkọlù. C kò ju aṣọ tó ń di páàdì mú lọ. Ẹ fa páàdì fúnra rẹ̀ jáde, ara rẹ̀ ni kí ẹ ti kà á, kì í ṣe ara jákẹ́ẹ̀tì: EN 1621-1, lẹ́tà S fún èjìká, E fún ìgúnpá, H fún ìbàdí, K fún orúnkún, àti ìpele 1 tàbí 2. Ní ìpíndọ́gba, ìpele 1 kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí agbára ìkọlù tó ju kN (kílónútọ̀nù) 35 kọjá sí ara, ìpele 2 kò gbọ́dọ̀ ju 20. Ti ẹ̀yìn ni EN 1621-2. Páàdì ẹ̀yìn ló ń da èèyàn láàmú jù, nítorí jákẹ́ẹ̀tì ojúlówó pàápàá lè wá pẹ̀lú fóòmù lásán nínú àpò ẹ̀yìn, láì ní nọ́mbà kankan. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, àmọ́ kò lè gba ẹ̀yìn yín sílẹ̀. Ìbọ̀wọ́ ni EN 13594, bàtà ni EN 13634. Ẹ ní kí òǹtajà fi ìwé ẹ̀rí ìbófinmu ránṣẹ́ kí ẹ tó sanwó. Òfin fi dandan lé e pé kí ó wà pẹ̀lú ọjà, tàbí kí ìwé ìlò sọ ibi tí a ti lè rí i. Èsì tí ẹ bá gbà á sọ púpọ̀.

Bí òǹtajà bá ní òun á kọ ọ́ pé ẹ̀bùn olówó kékeré ni, kí owó kọ́sítọ́ọ̀mù lè dín kù, ẹ kọ̀. Tí ẹrù bá sọnù, iléeṣẹ́ akẹ́rù kò ní san ju iye tó kọ yẹn lọ.

Akoto ayédèrú tó ti dé ọwọ́ yín, ẹ má tà á, ẹ má fi tọrẹ. Ẹ gé okùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kúrò kí ẹnikẹ́ni má baà hú u láti inú ìdọ̀tí kó dé e. Àmọ́ kì í ṣe lónìí o: títí owó yín á fi padà sínú àkáǹtì, ẹ̀rí ni, PayPal tàbí bánkì sì lè ní kí ẹ gbé e wá.