Owó Alájẹṣẹ́kù ni Mo Fi Ka Máàsítà Tíátà: Ibi Tó Bá Mi Dé

Tíṣà girama ni mí ní Òṣogbo. Nígbà tí mo gbààyè láti ṣe máàsítà tíátà ní yunifásítì kan, ta ni yóò sanwó? NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2024, àwọn tó ń ṣe dìgírì àkọ́kọ́ àtàwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ló wà fún. TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ní tirẹ̀, olùkọ́ yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ló ń rán lọ kàwé. Bí mo ṣe yíjú sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa tíṣà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ náà ṣe mí lóore gidi. Ìlọ́po méjì owó tí mo ti fi pamọ́ ni wọ́n yá mi, oníduùró méjì fọwọ́ sí i, wọ́n sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù mi. Èlé rẹ̀ kò wọni lọ́rùn. Bí mo ṣe rí owó ilé-ìwé san nìyẹn.

Àmọ́ eré ṣíṣe ló ń náni lówó jù! Nígbà tó kàn mí láti darí eré, èmi ni mo ra àdìrẹ tí wọ́n wọ̀, èmi ni mo sanwó ọkọ̀ àwọn onílù, èmi ni mo ra epo jẹnẹrétọ̀, èmi náà ni mo bọ́ àwọn òṣèré lálẹ́ ìdánrawò, torí ẹni tébi ń pa kì í rántí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ìtàgé. Ẹgbẹ́ kì í sì yáni lówó míì títí a ó fi san èyí tó wà nílẹ̀ dé ibi kan. Tẹ́ ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù owó yíyá, ẹ ṣírò owó eré mọ́ ọn. Èmi tún dá àjọ kan sọ́tọ̀, mo ní kí wọ́n fún mi ní oṣù tí eré máa wáyé, ó sì gbà mí.

Ní ti iṣẹ́, igbákejì ọ̀gá wa bá mi to kíláàsì mi sí òwúrọ̀, Ọlọ́run ó bù kún wọn. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ.

Òṣogbo gan-an bá mi dín ìnáwó àpilẹ̀kọ kù. Dúró Ládiípọ̀, ògbóǹtarìgì eléré orí ìtàgé, àti Ulli Beier, òyìnbó tó fẹ́ràn àṣà Yorùbá, dá Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níbí lọ́dún 1962, ìlù nínú eré irú ìgbà yẹn ni mo sì ṣèwádìí lé lórí. Àwọn akẹgbẹ́ mi ń sanwó hòtẹ́ẹ̀lì. Èmi, bí iléèwé bá ti jáde, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn dé ọ̀dọ̀ bàbá onílù kan. Bàbá á ní, “Tíṣà, jókòó,” wọ́n á fi gángan há abíyá, wọ́n á lu ẹyọ gbólóhùn kan léraléra títí n ó fi gbọ́ ohun tó ń wí.

Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kì í dé déédéé, kó má yá owó alájẹṣẹ́kù yìí. Bí ẹni tó yá a kò bá san, oníduùró ni wọ́n máa yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni ọ̀kan nínú àwọn oníduùró mi ní nílé ìwé. Mo kọ́kọ́ fi ìwé owó oṣù mi hàn wọ́n kí wọ́n tó mú bírò.