Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí ọmọ mi obìnrin wà ní Àkúrẹ́

Ìgbà tí Super Falcons na Morocco 3-2 lọ́dún 2025, lẹ́yìn tí Morocco ti kọ́kọ́ gbá góòlù méjì wọlé, ni ọmọ mi ní òun náà fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé là ń ti Ìjàpọ̀ lọ sí pápá ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ọ̀bà-Ilé. Wọ́n ní ẹgbẹ́ àgbà, wọ́n sì ní ti àwọn ọmọdé.

Kóòṣì wọn ni mo fẹ́ràn jù. Obìnrin ni, òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù rí, kì í sì í jágbe mọ́ ọmọ. Lọ́jọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó fọwọ́ gbé ẹsẹ̀ òsì ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù, ó ní: “Ìyá mi, ibí ni kó dúró sí kó o tó fi ọ̀tún gbá a.” Ọmọ náà gbá a, ó wọlé gbọnrangandan. Omi bọ́ lójú mi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn ò ní yàrá táwọn ọmọ ti lè pààrọ̀ aṣọ. Ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n ń sá sí. Kò dáa fún ọmọbìnrin, mo sì ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ra bàtà bọ́ọ̀lù dání o, wọn kì í fúnni.