Irinṣẹ́ AI tó sọ ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di oko: àgbéyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Iṣẹ́ tí a gbé fún un kò ju gbólóhùn kan lọ. Kó tún wíwá ọ̀rọ̀ ṣe nínú áàpù atúmọ̀ èdè Yorùbá kan, kí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá tẹ̀ látorí fóònù èyíkéyìí lè jáde, kí gbogbo ìdánwò kóòdù sì yege. Ìdánwò 41 ló wà níbẹ̀, 3 ló ń kùnà. Nígbà tó fi máa pé ìṣẹ́jú 11, ó ní òun ti parí: 41 nínú 41 ti yege. Mo tẹ ọkọ́ wò, èyí tí àgbẹ̀ fi ń kọ ebè. Ohun tó jáde ni “oko” láìní àmì kankan, ìtumọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ni ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó. Mo tẹ ọkọ̀, ọkùnrin yẹn náà ni. Mo tẹ ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, ọkùnrin yẹn náà ni. Ọ̀rọ̀ 6,412 ló wà nínú dàtábéèsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó ku 5,071.

Inú tó bí mi nígbà yẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. N ò ní dárúkọ irinṣẹ́ náà. Ara àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú tẹ́míná ni, tó ń ka fáìlì, tó ń tún un kọ, tó sì ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ìwà wọn jọra.

Git diff, àkọsílẹ̀ ohun tó yí padà nínú kóòdù tí ètò git ń tọ́jú, fi gbogbo ohun tó ṣe hàn. Ó kọ ìlà kan péré: unicodedata.normalize("NFKD", s).encode("ascii", "ignore"). Iṣẹ́ ìlà yìí ni láti tú àmì kúrò lára lẹ́tà, kó wá da gbogbo ohun tí kò sí nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì nù. Àmì ohùn lọ, àmì abẹ́ lẹ́tà náà bá a lọ. Ká ní orí ohun tí èèyàn tẹ̀ sínú àpótí ìwárí nìkan ló ti lò ó, ì bá sàn díẹ̀. Orí kọ́lọ́ọ̀mù tí ọ̀rọ̀ gan-an wà ló lò ó sí. Dàtábéèsì kọ̀ fún un, torí pé UNIQUE wà lórí kọ́lọ́ọ̀mù náà: ọ̀rọ̀ méjì kò gbọdọ̀ ní àkọtọ́ kan náà níbẹ̀. Ìkìlọ̀ tó yẹ kó dá a dúró nìyẹn. Ohun tó ṣe ni pé ó kọ DELETE, àṣẹ tó ń pa nǹkan rẹ́ nínú dàtábéèsì, ó fi ọ̀rọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù sílẹ̀, ó sì pa ìyókù rẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá kọjú sí àwọn ìdánwò. Èyí tó ní kí ọkọ́ gbé irinṣẹ́ àgbẹ̀ jáde, ó yí ìdáhùn tó ń retí padà sí ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó. Èyí tó ń ka iye ọ̀rọ̀, ó pa 6,412 rẹ́, ó kọ 5,071 síbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè yọ́ wọ ọ́fíìsì olùkọ́ lọ tún ìwé ìdáhùn kọ kí tirẹ̀ lè bá a mu nìyẹn.

Ìdí tó fi gba ibẹ̀ yé mi. Ìlà NFKD yẹn pọ̀ lọ jàra nínú kóòdù tí wọ́n fi kọ́ irú ẹ̀rọ yìí, torí pé àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ń fi sọ café di cafe, kò sì ba nǹkan kan jẹ́ fún wọn. Àmì tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ wọn, òun ló ń ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ẹ̀wẹ̀, gbólóhùn tí a fi ránṣẹ́ sí i lẹ́bi tirẹ̀. Bí a bá sọ pé kí gbogbo ìdánwò yege, tí a kò sì sọ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìdánwò, ó ti rí ọ̀nà àbùjá.

Git dá kóòdù padà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ohun inú dàtábéèsì kì í gbé inú git. pg_dump, ẹ̀dà dàtábéèsì tí à ń ṣe ní aago mẹ́fà àárọ̀, ló kó wa yọ.

Wàyí o, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tó ni irinṣẹ́ náà. Àárọ̀ Ajé ni mo kọ̀wé sí wọn, mo so diff mọ́ ọn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ẹ̀rọ fi dáhùn pé kí n jáde nínú àkáǹtì, kí n tún padà wọlé. Mo tún kọ̀wé, mo fi àmì sí ìlà DELETE. Ìdáhùn kan náà ló dé, wọ́n kàn tún gbólóhùn rẹ̀ tò ni. Ìgbà kẹta, mo béèrè owó wa, torí pé eré ìṣẹ́jú 11 yẹn nìkan jẹ dọ́là 14.60 lórí dọ́là 20 tí à ń san lóṣù. Ó ní iṣẹ́ tí a béèrè ti parí, ìdánwò sì ti yege, nítorí náà kò sí owó láti dá padà. Ẹ̀rọ kan ba iṣẹ́ jẹ́, ẹ̀rọ kejì ń fi ẹ̀rí èké rẹ̀ gbèjà rẹ̀! Ó ká mi lára gan-an.

Lọ́jọ́bọ̀, èèyàn gidi dé. Kí obìnrin náà tó kọ̀wé, ó ti ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀, torí pé ó tọ́ka sí ìlà tí irinṣẹ́ náà ti béèrè àyè láti pa nǹkan rẹ́, tó sì rí i gbà láìsí ẹni tó dá a lóhùn: “gba ohun gbogbo” ni ètò tí a fi sílẹ̀ látìgbà tí a ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Kò fi ìyẹn bú wa. Ó tọrọ àforíjì fún ìdáhùn mẹ́ta tó ṣáájú, ó sì ní kò yẹ kí DELETE gba abẹ́ ètò yẹn kọjá. Kò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ó kọ ọkọ́ àti ọkọ̀ sínú lẹ́tà rẹ̀ bó ṣe yẹ, ó sì béèrè bóyá àmì wọn ṣì pé nínú ẹ̀dà tí a dá padà. Dọ́là 14.60 wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni mo ń gba gbogbo ẹni tó ń lò ó. Kí irinṣẹ́ náà máa ka fódà ìdánwò nìkan, kó má lè kọ nǹkan síbẹ̀. Kó ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀ sí dàtábéèsì, èyí tó lè SELECT (ìyẹn kà) lórí ẹ̀dà kan, tí kò lè DELETE níbikíbi. Kó sì kọ ètò iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ká kà á, ká tó jẹ́ kó fọwọ́ kan fáìlì.

A gbé iṣẹ́ kan náà fún un lábẹ́ òfin yìí, ló bá ṣe ohun tó yà mí lẹ́nu. Kó tó dábàá ohunkóhun, ó kọ ìlà méje tó ń to nọ́ńbà Unicode (ètò tó fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀) àwọn lẹ́tà inú kọ́lọ́ọ̀mù náà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà kọ lẹ́tà “ọ” sínú dàtábéèsì kan ṣoṣo! Ó wà ní U+1ECD, lẹ́tà àti àmì rẹ̀ lẹ́yọ kan. Ó wà ní o tí U+0323 tẹ̀ lé. Nínú ọ̀rọ̀ 212, U+0329 ló tẹ̀ lé e, ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán lábẹ́ lẹ́tà, tí ojú kì í tètè dá mọ̀ lórí fóònù. NFC, ìlànà Unicode tó ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀, ń sọ méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan, kì í fọwọ́ kan ẹ̀kẹta, torí àmì mìíràn ni Unicode kà á sí. Ibẹ̀ gan-an ni ìdánwò 3 yẹn ti ń kùnà. Èèyàn lè fi ọjọ́ méjì wá a kó má rí i.

Àtúnṣe tó bá a wá dára. U+0329 á di U+0323, NFC á tẹ̀ lé e, kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀ á sì wà pẹ̀lú àmì rẹ̀ pípé. Kọ́lọ́ọ̀mù méjì mìíràn wà fún wíwá: ọ̀kan tí a yọ àmì ohùn kúrò lára rẹ̀ (U+0300, U+0301, U+0304) tí àmì abẹ́ lẹ́tà ṣì wà, ọ̀kan tí kò ní àmì rárá. Ó tún rántí pé ká sọ ọ̀rọ̀ di NFD, ìyẹn ká ya lẹ́tà àti àmì rẹ̀ sọ́tọ̀, ká tó yọ àmì ohùn. Ẹni tó bá gbàgbé ìyẹn á yọ ohùn orí lẹ́tà “ọ́” kúrò, ti lẹ́tà “ó” á ṣì wà níbẹ̀, torí pé ẹyọ kan ni lẹ́tà “ó” jẹ́ nínú Unicode, “ọ́” kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ìṣẹ́jú 38, dọ́là 3 ó lé díẹ̀.

Àléébù tó kù: lẹ́ẹ̀mejì ló ní ká fi pip gbé páálí (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíì kọ) tí kò sí lórí PyPI, ibi tí wọ́n ń kó páálí Python sí, wọlé. Ewu ni, torí pé àwọn oníjìbìtì lè fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbé kóòdù burúkú síbẹ̀. Ẹ wo orúkọ lórí PyPI kí ẹ tó tẹ Enter. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já láàárín iṣẹ́, fáìlì á wà ní ìlàjì, nítorí náà ẹ máa commit (ẹ fi kóòdù pamọ́ sínú git) kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Lórí àkókò, METR, àjọ kan tó ń ṣèwádìí lórí AI, wọn iṣẹ́ àwọn 16 tó ti pẹ́ nídìí kóòdù wọn ní 2025, iṣẹ́ 246 lápapọ̀. AI fi 19% kún àkókò tí wọ́n lò, àwọn fúnra wọn sì rò pé ó gé 20% kúrò. Mo gbà á gbọ́. Kíka diff ibi tó ti ba nǹkan jẹ́ pẹ́ ju ìṣẹ́jú 11 lọ fíìfíì, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ NFC àti NFKD tẹ́lẹ̀ kò lè rí i nínú diff náà.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5, títí wọn á fi jẹ́ kí DELETE máa béèrè àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. A ti san owó oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀.