HMDB: Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ látìgbà tí mo ti ń lò ó ní Àjàṣẹ́

Ẹni tó bá ń bá ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ ṣiṣẹ́ bíi tèmi, tí kò tíì dé orí HMDB (Human Metabolome Database), ìyẹn ìkànnì tí wọ́n kó àwọn èròjà inú ara èèyàn jọ sí, ńṣe ló ń fìyà jẹ ara rẹ̀ lásán. Ọ̀fẹ́ ni, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣòwò lẹ máa gbàṣẹ. David Wishart àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta, ní Kánádà, ló gbé e jáde ní 2007. Àkójọ mẹtabóláìtì ni, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké tó ń jáde bí ara ṣe ń lo oúnjẹ àti oògùn.

Ẹ jẹ́ ká mú creatinine, ìyẹn pàǹtí inú ẹ̀jẹ̀ tá a fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, torí òun ló máa ń dẹ́rù ba àwọn bàbá àti ìyá tó ń ti Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, wá gba èsì lọ́dọ̀ wa. HMDB0000562 ni nọ́ńbà rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ máa rí bó ṣe ń wá látinú iṣan, bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ sínú ìtọ̀, iye tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀, iye tí wọ́n bá lára àwọn aláìsàn, àti ìwé ìwádìí tí wọ́n ti mú un. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn: kò sí “wọ́n ní, wọ́n ní” níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ níbi òṣùwọ̀n o! Lọ́dọ̀ wa, mílígíráàmù la fi ń kọ creatinine, gíráàmù la fi ń kọ ṣúgà. Micromole nínú lítà kan (µM) ni tiwọn. 10 mg/L creatinine tiwa ni 88.4 µM wọn. 1 g/L ṣúgà sì tó nǹkan bíi 5550 µM. Ẹni tí kò bá ṣírò á rí 88, á figbe ta pé kíndìnrín ti lọ.

Wọ́n ní èròjà 217,920 ló wà nínú ẹ̀dà karùn-ún. Ẹ má jẹ́ kó wú yín lórí jù. Púpọ̀ nínú wọn, àwọn ọ̀rá pàápàá, kọ̀ǹpútà ló fojú bù ú pé wọ́n lè wà nínú ara. Ibi tí wọ́n kọ “Status” sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. “Quantified”, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti wọn iye wọn ní ti gidi, lèmi máa ń fọkàn tán.

Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi kọ ọ́, ojú ìwé rẹ̀ sì gùn lórí fóònù, ṣùgbọ́n èèyàn á mọ́ ọn lára. Akẹ́kọ̀ọ́ àti nọ́ọ̀sì, ẹ lò ó. Aláìsàn tó gba èsì lówùúrọ̀, dókítà ni kó gbé e lọ bá.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un. Òṣùwọ̀n yẹn ló jẹ ìkarùn-ún.