Mo gbé ọwọ́ tó ṣẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ìkòròdú: àgbéyẹ̀wò mi

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún wọn. Ẹni tó tọ́jú mi mọṣẹ́, ètò wọn ló ń fa èèyàn sẹ́yìn.

Wẹ́dà ni mí, apá Odogunyan ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. À ń já géètì irin nínú ọkọ̀ ló bọ́ lé ọwọ́ òsì mi. Ìka àárín ṣẹ́, eegun yọ ṣóńṣó síta. Àwọn kan ní ká lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Ọ̀gá mi kọ̀ jálẹ̀, ó ní eegun tó ti yọ síta kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi òrí pa.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní ìmájẹ́ńsì yára. Ó bọ́ òrùka mi kí ọwọ́ tó wú, ó ń fọwọ́ kan orí ìka kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n lára, ó wá fi gọ́ọ̀sì tó rẹ sínú omi iyọ̀ bo ojú ọgbẹ́. Abẹ́rẹ́ ló kù. Kò sí àǹtíbáyọ́tíìkì kankan nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn rẹ̀! Ó kọ ọ́ sínú ìwé. Fámásì ní ká lọ sanwó, káṣíà ní a ò tíì gba káàdì, ẹni tó ń kọ káàdì lọ jẹun.

Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé wọ́n lẹ ìlànà náà mọ́ ògiri gàdàgbà: bí eegun bá yọ síta, kí àǹtíbáyọ́tíìkì wọlé láàárín wákàtí 1. Ìlànà gidi ni, torí bí abẹ́rẹ́ yẹn bá ṣe pẹ́ tó ni àyè ṣe ń gba kòkòrò láti wọ inú eegun. Àmọ́ nígbà tí mo yọjú sí fáìlì mi, àkókò tí mo gba káàdì ni wọ́n kọ pé mo dé. Gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó, tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀, wọn ò kà á. Ẹni tó bá yẹ ìwé náà wò yóò ní wọ́n gbìyànjú.

Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ní ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó bá dé ní pàjáwìrì. Wọn ò kọ̀ mí o, wọ́n kàn ní kí n ní sùúrù.

Dókítà ní tiẹ̀, mi ò lè bú u. Ó gún mi ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ó ya ẹ́sírè, ó pa ọwọ́ náà kú, ó da omi iyọ̀ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, ó gé ẹran tó ti kú kúrò, ó fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ de eegun. Ó là á fún mi pé ká ní iṣan ti já ni, ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba n'Ìgbóbì ni òun ì bá kọ ìwé mi sí. Ọgbẹ́ náà kò kẹ̀, ìka ti ń ká díẹ̀díẹ̀.

Mo sọ fún máníjà wọn pé kí wọ́n kó abẹ́rẹ́ sí ìmájẹ́ńsì, kí owó tẹ̀ lé e, kí nọ́ọ̀sì sì máa kọ àkókò téèyàn wọlé gan-an. Ó ní òun á gbé e dé ìpàdé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ síbẹ̀ báyìí, kí ẹnì kan sáré lọ gba káàdì kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.